Àwọ̀ Pupa Lórí Òkè-Ọ̀pọ̀tọ́

Ọ́fíìsì kan ní àdúgbò Adébáyọ̀ ni Ọláyẹmí ti ń ṣiṣẹ́, níbi tí wọ́n ti ń ṣírò iye ènìyàn fún ìjọba. Lọ́jọ́ kan, ọ̀gá rẹ̀, Ọ̀gbẹ́ni Adéyẹyè, pè é wọlé, ó ní kó fi ìwé ìkànìyàn wá àdúgbò tó ṣeé ṣe kí ìwà ọ̀daràn ti gbilẹ̀ nílùú Adó.

"Sà, ṣé a ní àkọsílẹ̀ olè jíjà?"

"Kò pé. Èyí tó wà nílẹ̀ ni kó o fi ṣe é."

Èyí tó wà nílẹ̀ kò ju ọjọ́ orí, iye àwọn tí kò níṣẹ́ lọ́wọ́, iye ayálégbé, àti iye ènìyàn tó ń sùn nínú yàrá kan. Ọláyẹmí ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, ó ní kí kọ̀ǹpútà fi àwọ̀ pupa kun ibi tí ewu bá wà. Nígbà tí máàpù yọ, Òkè-Ọ̀pọ̀tọ́ pọ́n bí ẹ̀jẹ̀.

Ibẹ̀ ni wọ́n bí i sí. Ibẹ̀ ni ìyá rẹ̀, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, ń gbé pẹ̀lú àwọn ayálégbé rẹ̀. Láti ìgbà tí Ọláyẹmí ti gbọ́njú, adìẹ kan péré ni wọ́n jí nílé wọn, ẹni tó jí i sì wá tọrọ àforíjì ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ṣùgbọ́n ìṣirò kò mọ ìyẹn. Ọláyẹmí fọwọ́ sí i, ó gbé e fún ọ̀gá rẹ̀.

Kò pé oṣù kan tí ọkọ̀ ọlọ́pàá fi bẹ̀rẹ̀ sí í dúró ní oríta Òkè-Ọ̀pọ̀tọ́ láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́. Wọn kì í béèrè ohun tí èèyàn ṣe. Ibi tó ń gbé ni wọ́n ń béèrè. Ẹni tó ń tún fóònù ṣe kó lọ. Aránṣọ ti ilẹ̀kùn. Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ kan, ìyá rẹ̀ pè é.

"Wọ́n ti mú Jùwọ́n."

Jùwọ́n jórinjórin ti gbé nílé ìyá rẹ̀ fún ọdún mẹ́jọ. Bó ṣe ń bọ̀ láti ìlú Ìyìn, níbi tó ti lọ gbé géètì kan sẹ́nu ọ̀nà oníbàárà, ni wọ́n tú àpò irinṣẹ́ rẹ̀. Wọ́n ní òòlù inú rẹ̀, ohun ìfọ́lé ni.

Ọláyẹmí sáré dé àgọ́ ọlọ́pàá. Inspẹ́kítọ̀ kan tó ń bó ẹ̀pà jẹ dá a lóhùn pẹ̀lẹ́.

"Màdáàmù, a ò kórìíra rẹ̀. Ẹ wo ògiri yẹn."

Máàpù rẹ̀ ni wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn.

"Àwọn onímọ̀ ló ṣe é," ni ọkùnrin náà wí.

"Èmi ni mo ṣe é! Kò sí orúkọ olè kankan níbẹ̀. Ọjọ́ orí àti yàrá ni mo kà."

Ó wò ó tìyanu-tìyanu, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ẹ kú iṣẹ́, mà. Ó ń ràn wá lọ́wọ́ gidi."

Ọjọ́ kẹrin ni wọ́n tó fi Jùwọ́n sílẹ̀ láìka ẹ̀sùn kankan sí i lọ́rùn. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ tí wọ́n fi kóńdó lù wú, kò lè di irin mú mọ́. Ó kó ìyàwó àtọmọ lọ sí ìlú Ìjan láti máa dáko.

"Àǹtí, ẹ ṣeun tẹ́ ẹ wá mi wá," ló wí bó ti ń dágbére.

Ọláyẹmí kò jẹ́wọ́ fún un. Ìyá rẹ̀ ló sọ fún.

Ìyá náà kọjú sí i. "Ulé tiwa náà, o kùn ún?"

"Mo kùn ún, Màámi."

"O kà wá, o ò bi wá léèrè."

Lọ́jọ́ Ajé, Ọláyẹmí kọ lẹ́tà pé kí wọ́n fa máàpù náà ya. Ọ̀gbẹ́ni Adéyẹyè kà á, ó ká a, ó ti ìwé mìíràn sọ́dọ̀ rẹ̀.

"A ti rí àkọsílẹ̀ gidi wàyí. Fi ṣe máàpù tuntun."

Iye ènìyàn tí ọlọ́pàá mú ní àdúgbò kọ̀ọ̀kan ni. Òkè-Ọ̀pọ̀tọ́, mẹ́tàlélọ́gọ́ta. Ibòmíràn kò ju méjì, mẹ́ta lọ. Jùwọ́n wà nínú iye náà.

"Sà, ibẹ̀ nìkan ni wọ́n ti ń múni!"

"Àbí o ò rí i pé òótọ́ ni máàpù rẹ sọ?"

Ọláyẹmí ní òun kò ní fọwọ́ kàn án. Ọ̀gá náà ní kò burú, Dàmọ́lá tó wà ní tábìlì kejì ti bẹ̀rẹ̀.

Ọláyẹmí fiṣẹ́ sílẹ̀. Níbi ìpàdé àwọn onílé, ó dìde, ó sọ ohun tó ṣe. Kò sẹ́ni tó bú u. Wọ́n kàn bi í léèrè ọ̀nà àbáyọ. Kí oṣù tó parí, Dàmọ́lá ti ṣe máàpù tuntun náà tán, ọkọ̀ ọlọ́pàá kejì sì dé oríta.