Ọwọ́ Tó Ń Ṣí Ọjà

Ẹni tó bá fẹ́ kan ilẹ̀kùn Fàdìlàt láàárọ̀, ó yẹ kó kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ bóyá òun ti ṣetán láti gbọ́ èébú. Ṣùgbọ́n àwọn obìnrin olóbì Ṣàgámù kò bìkítà. Bí wọ́n bá ti kírun àsùbáà tán, wọn a bẹ̀rẹ̀ sí í dé lọ́kọ̀ọ̀kan, tẹ̀rín-tẹ̀rín, tẹ̀bẹ̀-tẹ̀bẹ̀. Kì í ṣe Fàdìlàt ni wọ́n ń wá, bẹ́ẹ̀ òun náà olóbì ni. Ọkọ rẹ̀ ni wọ́n ń wá, Mọ́ṣúdù, ẹni tí gbogbo ọjà gbà pé ọwọ́ rẹ̀ dára.

Ẹ̀yin tí ẹ bá ti tajà rí mọ ohun tí wọ́n ń pè ní ṣíṣí ọjà. Ẹni tó bá kọ́kọ́ ra nǹkan lọ́wọ́ òǹtajà láàárọ̀, òun ló ṣí ọjà fún un. Bí ọwọ́ ẹni náà bá dára, oníbàárà á máa rọ́ wá títí ilẹ̀ á fi ṣú. Bí kò bá dára, kí òǹtajà yáa ká àtẹ rẹ̀ nílẹ̀ kó lọ sùn. Bí Mọ́ṣúdù bá ti ra ẹyọ obì kan péré lọ́wọ́ obìnrin kan, ọkàn obìnrin náà balẹ̀ nìyẹn. Bó bá tà, ọwọ́ Mọ́ṣúdù ni. Bí kò bá tà, wọ́n á ní ó ní láti jẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ ti bá èèyàn jà kó tó kúrò nílé. Kò sí bí ọ̀rọ̀ náà ṣe lè rí tí ọwọ́ Mọ́ṣúdù á fi jẹ̀bi, ohun tó sì ń bí Fàdìlàt nínú jù nìyẹn.

Hàmdálátù, tí àtẹ rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Fàdìlàt, ló dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Lọ́jọ́ kan, Mọ́ṣúdù ń ti mọ́ṣáláṣí bọ̀, ikọ́ ń dà á láàmú, ló bá ra gbàǹja kan lọ́wọ́ Hàmdálátù pé kí òun fi pa á. Kó tó di ọ̀sán, táyà ọkọ̀ akẹ́rù kan tó ń lọ sí Kánò fọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà. Ẹni tó ni ẹrù sọ̀kalẹ̀, kò rí nǹkan mìíràn ṣe, ó bá ra gbogbo obì tó wà níwájú Hàmdálátù. Táyà ló fọ́. Gbogbo ẹni tó ní làákàyè mọ̀ pé táyà ló fọ́. Ṣùgbọ́n Hàmdálátù kò dúpẹ́ lọ́wọ́ táyà. Mọ́ṣúdù ló lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì pariwo rẹ̀ káàkiri ọjà.

Ẹ wá wo ẹni tí wọ́n ní ọwọ́ rẹ̀ dára. Kẹ̀kẹ́ Márúwá tó fi ń kó èrò lọ sí Simawa, ìgbà tí èrò bá kún inú rẹ̀ ló máa ń kú. Ó ra òròmọdìyẹ pé kí àwọn máa rí ẹyin jẹ, àkùkọ ni gbogbo wọn. Bó bá fọ agbádá rẹ̀ sílẹ̀ de Jímọ́ọ̀, àní kí oòrùn ti ràn fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko, òjò á rọ̀. Kò sì jẹ́ bínú. Á kàn wo ojú ọ̀run, á rẹ́rìn-ín, á wọ agbádá tútù, á máa lọ. Fàdìlàt ló máa ń bá a bínú sí i.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wá di ìyà ni pé Fàdìlàt nìkan ni kò lè jẹ nínú oore ọwọ́ náà. Àwọn olóbì ti fẹnu kò tipẹ́ pé owó ọkọ kì í ṣí ọjà ìyàwó. Wọ́n ní ó dà bí ìgbà tí èèyàn mú owó nínú àpò ọ̀tún sínú àpò òsì. Fàdìlàt ti dán an wò lẹ́ẹ̀kan. Mọ́ṣúdù ra obì lọ́wọ́ rẹ̀ láàárọ̀, kò sì sí ẹlòmíràn tó yà lọ́dọ̀ rẹ̀ títí dìrọ̀lẹ́, àfi ewúrẹ́ kan tó wá jẹ ewé tó fi bo obì. Láti ọjọ́ náà ló ti gbà pé àwọn ẹlòmíràn lòun fẹ́ ọkọ fún.

Bó ṣe wà nìyẹn tí ẹgbẹ́ àwọn olóbì fi kọ́ ìsọ̀ tuntun. Ìlà kan kọjú sí títì, níbi tí àwọn ọkọ̀ tó ń lọ sí òkè Ọya ti ń kó ẹrù. Ìlà kejì kọjú sí ògiri, ó sì parí sí ẹ̀gbẹ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ẹni tó bá bọ́ sí ìlà ògiri, aláǹgbá ni yóò máa bá nájà. Wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má bá ẹnikẹ́ni jà, káwọn kọ ìsọ̀ kọ̀ọ̀kan sí ìwé, káwọn ká a sínú apẹ̀rẹ̀, kí kálukú fa tirẹ̀. Ẹni tó bá wù ú lè bẹ ẹlòmíràn kó bá òun fà á, ṣùgbọ́n ẹnì kan kò gbọdọ̀ fà fún ju ẹnì kan lọ.

Fàdìlàt fẹ́ ìsọ̀ iwájú náà débi pé ó ń lá àlá rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ títì lábẹ́ agbòòrùn tó ti ya ló ti ń tajà láti ìgbà tí Tawfiq ọmọ rẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀, Tawfiq náà sì ti dàgbà, ó ti ń ṣiṣẹ́ ní Ògìjó. Gbàǹja kò fẹ́ oòrùn. Bí oòrùn bá ti pa á, á súnkì, á dúdú, oníbàárà á wá máa fi ìka tì í bí ẹni tó rí òkú eku. Fàdìlàt mọ̀ pé bí òun bá bọ́ sí ìlà ògiri, òwò òun tán. Ìsọ̀ iwájú nìkan ló kù tó ń bẹ Ọlọ́run fún.

Hàmdálátù ló kọ́kọ́ dé láti wá bẹ Mọ́ṣúdù. Mọ́ṣúdù, tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ pé rárá, ti ń fi ọwọ́ ra orí nígbà tí Fàdìlàt jáde láti inú ilé, tó ní ẹni tí wọ́n ń bẹ̀ ti níṣẹ́, tòun ló máa fà. Hàmdálátù wò ó tìyanu-tìyanu. Ó ní ìyàwó rẹ̀ ni, kò lè jẹ́ fún un, ṣe ló kàn fẹ́ fi ọwọ́ rere ṣòfò. Èyí dun Fàdìlàt wọra nítorí pé òótọ́ ni. Ó pòṣé, ó ti ilẹ̀kùn.

Ó ro ọ̀rọ̀ náà síwá, ó rò ó sẹ́yìn. Bó bá jẹ́ pé jíjẹ́ ìyàwó ló ń dí ọwọ́ náà lọ́nà, ṣé kò ṣeé ṣe kí òun má jẹ́ ìyàwó fún ìgbà díẹ̀? Ó gba ilé Alfa Ridwanullah lọ. Ó ní ọ̀rẹ́ òun kan ní Ìkẹ́nnẹ́ ló rán òun: bí ọkọ bá fi eré sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé òun kọ̀ ọ́ sílẹ̀, ṣé ó mú un? Alfa yọ awò ojú rẹ̀. Ó ní ọ̀rọ̀ yẹn kò ní eré nínú, bí èèyàn fi eré sọ ọ́, bí ó fi òótọ́ inú sọ ọ́, ọ̀kan náà ni. Bó bá jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan ló sọ ọ́, ó ṣì lè gbà á padà nígbà tí opó ìkọ̀sílẹ̀ rẹ̀, ìyẹn bí oṣù mẹ́ta, kò bá tíì pé, kò sí ìdáná tuntun, kó ṣáà ti fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun ti gba ìyàwó òun padà. Ó ní kí Fàdìlàt kìlọ̀ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ dáadáa. Ẹlòmíràn ìbá gbọ́ èyí kí ẹ̀rù bà á. Inú Fàdìlàt dùn ni. Ohun tó gbọ́ ni pé á mú un.

Nígbà tó sọ ọ́ fún Mọ́ṣúdù, ọkùnrin náà la ẹnu, kò lè pa á dé. Ó ní láéláé. Fàdìlàt bẹ̀rẹ̀. Bó ń jẹun, ó ń sọ ọ́. Bó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe, ó ń sọ ọ́. Bó bá wọ balùwẹ̀, Fàdìlàt á dúró sẹ́yìn páànù, á máa bá ọ̀rọ̀ lọ. Ó ní ó ti ṣí ọjà fún gbogbo Ṣàgámù tán, ìyàwó rẹ̀ nìkan ló kù. Ó ní àárọ̀ ọjọ́ kan péré lòun ń tọrọ, kó tó di ọ̀sán á ti gba òun padà. Ó sọ ọ́ títí ó fi rẹ ọkùnrin náà, tó sì gbà.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n máa fa ìwé, Mọ́ṣúdù dúró ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ nínú àgbàlá, ó ń wo ilẹ̀. Ó ní, "Fàdìlàt, mo kọ̀ ọ́ sílẹ̀." Ó sọ ọ́ bí ẹni tí egungun ẹja há lọ́fun.

Fàdìlàt ní, "Ó dáa. Ẹ má gbàgbé fìlà yín."

Gbogbo ẹgbẹ́ ti pé sí iwájú ìsọ̀ nígbà tí wọ́n débẹ̀. Ìyá Àtinúkẹ́, olórí wọn, ló gbé apẹ̀rẹ̀ lé ẹsẹ̀. Hàmdálátù kò rí ẹni rere bẹ̀, ó ti ọwọ́ ara rẹ̀ bọ̀ ọ́, ló bá fa ìsọ̀ iwájú, ibi tó kọjú sí ibi tí ọkọ̀ ti ń kó ẹrù gan-an. Ó bú sẹ́kún ayọ̀. Ara Fàdìlàt ò gbà á mọ́. Bí ọwọ́ Hàmdálátù lásán bá lè fa irú èyí, kí ni ọwọ́ Mọ́ṣúdù ò ní fà?

Nígbà tó kàn án, Ìyá Àtinúkẹ́ fi èdè Rẹ́mọ tó ki dáadáa sọ pé òfin kò ní kí ọkọ má fà fún ìyàwó, òun kàn ń káàánú wọn ni, torí gbogbo ayé mọ̀ pé kò lè jẹ́. Fàdìlàt dìde, ó gbá ìró rẹ̀ mú.

Ó ní, "Ẹ̀yin ìyá mi, Mọ́ṣúdù kì í ṣe ọkọ mi mọ́. Ó kọ̀ mí sílẹ̀ láàárọ̀ yìí. Mọ́ṣúdù, ẹ bọ́ síwájú kí ẹ wá fa ìwé fún mi."

Gbogbo wọn yí ojú sí Fàdìlàt. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìkọ̀sílẹ̀ nìkan ló yà wọ́n lẹ́nu. Láti ìgbà tí Fàdìlàt ti wọlé ọkọ, kò sí ẹni tó gbọ́ orúkọ ọkọ rẹ̀ lẹ́nu rẹ̀ rí. Bàbá Tawfiq ló ń pè é. Ọmọ aládùúgbò wọn kan tó ń jẹ́ Mọ́ṣúdù, Ọmọ Dáadáa ni Fàdìlàt sọ ọ́, kó má baà ṣèèṣì dárúkọ ọkọ. Òun nìyí tó wá ń pè é lẹ́ẹ̀mejì láàárín ọjà bí ẹni ń pe mẹkáníìkì.

Mọ́ṣúdù bọ́ síwájú. Bó ṣe ń bọ̀, ètè rẹ̀ ń mì. Àwọn obìnrin ní ó ń ṣàdúà, àwọn kan tilẹ̀ ti ń ṣe àmín. Ó ti ọwọ́ bọ apẹ̀rẹ̀, ó mú ìwé kan jáde, ó gbé e fún Ìyá Àtinúkẹ́. Ìyá Àtinúkẹ́ wò ó, ó tún un wò, ó kà á síta. Ìlà ògiri ni, ìsọ̀ tó kángun, èyí tó fara ti ilé ìgbọ̀nsẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká fi èyí tó ṣẹlẹ̀ tẹ̀ lé e sílẹ̀. Àwọn tó ń fi ìborùn bo ẹnu rẹ́rìn-ín wà níbẹ̀, àwọn tó ń ṣe pẹ̀lẹ́ wà níbẹ̀, àwọn yẹn ló tún burú jù. Fàdìlàt wọ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ bí èrò, ó sì bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀. Ó bú ọwọ́, ó bú apẹ̀rẹ̀, ó bú ẹni tó kọ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ó ní òun ta ilé ọkọ òun nítorí ìsọ̀, òun ò rí ìsọ̀, òun ò nílé. Nígbà tí wọ́n dé ìdajì ọ̀nà, kẹ̀kẹ́ kú. Fàdìlàt sọ̀kalẹ̀, ó ń tì í, ó sì ń bú u nìṣó, Mọ́ṣúdù ń darí rẹ̀ níwájú.

Wọ́n délé. Mọ́ṣúdù jókòó sórí bẹ́ǹṣì ìta. Fàdìlàt dúró lé e lórí.

"Ẹ yáa gbà mí padà kíákíá," ó ní, "kí n lè rí ọkọ tí mo máa bá jà. Àfi kí ẹ fi ẹnu yín sọ ọ́."

Mọ́ṣúdù ní, "Mo ti sọ ọ́."

"Nígbà wo?"

"Kí n tó ti ọwọ́ bọ apẹ̀rẹ̀."

Fàdìlàt kò tètè gbọ́ ọ yé. Nígbà tó yé e, ó ká ọwọ́ lé orí. Ṣé ẹ rí i? Ìyàwó ló tún jẹ́ nígbà tí ọwọ́ wọ inú apẹ̀rẹ̀. Gbogbo ẹ̀bẹ̀ ẹ̀yìn balùwẹ̀, gbogbo ìtìjú àárín ọjà, orí òfo ló já sí. Ọkùnrin yìí fi ẹnu ara rẹ̀ ba ọwọ́ ara rẹ̀ jẹ́.

Mọ́ṣúdù kò gbé ojú sókè. Ó ní, "O pe orúkọ mi. Mi ò gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ rí. Ó dà bí ẹni pé o kò mọ̀ mí."

"Ṣé ẹ ò lè mú un mọ́ra kí ẹ yọ ọwọ́ ná ni?"

"Mi ò lè mú un mọ́ra."

Fàdìlàt la ẹnu láti bú u. Èébú kún inú rẹ̀ bámúbámú, èyí tó ti ń tò jọ láti ọjà, ṣùgbọ́n kò rí ọ̀kan mú nínú wọn. Ó wo ọwọ́ Mọ́ṣúdù tó wà lórí eékún rẹ̀, tí epo kẹ̀kẹ́ ti mú èékánná rẹ̀ dúdú. Omijé ń lé ròrò sí i lójú, inú sì ń bí i pé òun fẹ́ sunkún. Ó pòṣé títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ má lè mí.

"Ẹ ti ba tèmi jẹ́, Bàbá Tawfiq," ó ní. "Ẹ bọ́ sínú ilé kí ẹ wá jẹun."