Àmì Mẹ́ta Lọ́rùn Irin

"Ìyàwó, ta ló kọ́ ọ níṣẹ́ irin?" Ohùn Bàbá Ajórin ti dé títì. "Abẹ́rẹ́ ni tìrẹ. Irin ni tèmi."

Mo ní òótọ́ ni, aránṣọ ni mí, abẹ́rẹ́ ni tèmi, ṣùgbọ́n ọmọ tó ń jókòó sẹ́yìn alùpùpù yẹn láràárọ̀, èmi ni mo bí i, abẹ́rẹ́ kọ́ ló bí i.

Férémù alùpùpù ọkọ mi ló wà láàárín wa, lórí búlọ́ọ̀kù méjì. Wọ́n ti tú táyà, tú tánkì, tú ìjókòó kúrò, ó wá rí bí ẹja tí wọ́n ti jẹ ẹran ara rẹ̀ tán. Ọrùn rẹ̀ ló sán, níbi tí ọwọ́ ìwakọ̀ ti wọ inú ara. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ti sán láàárín oṣù mẹ́jọ. Ẹ̀ẹ̀mejì ni Bàbá Ajórin ti jó o pọ̀, tó fi ọ̀dà dúdú kùn ún, tó ní ó di ọjọ́ alẹ́. Ẹ̀ẹ̀kẹta yìí, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ilé ìwé ló ti ṣẹlẹ̀. Ọkọ mi fẹsẹ̀ wọ́lẹ̀ títí kó tó rí i dá dúró. Eyín iwájú méjì tó já lẹ́nu ọmọ mi ṣì wà lójú ọ̀nà níbẹ̀.

Mẹkáníìkì tó wà ní ìsọ̀ kejì ní férémù mìíràn nílẹ̀, tó yè kooro. Ọkọ mi ti gbà ní òwúrọ̀ pé òun á pààrọ̀ rẹ̀. Bàbá Ajórin gbọ́, inú bí i gidigidi. Àbúrò bàbá ọkọ mi ni. Ó ní òun lòun tọ́ ọ láti ọmọ ọdún méje, òun lòun ra alùpùpù ọ̀hún fún un, bó bá wá ju irin tóun fọwọ́ ara òun jó sílẹ̀, kí ló fẹ́ kí gbogbo àdúgbò máa wí? Kó tó rojọ́ náà tán, ọkọ mi ti padà di ọmọ ọdún méje lójú mi. Ó dorí kodò, ó ń fi àtàǹpàkò ẹsẹ̀ fa ilẹ̀.

Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Àgbà tiwa wà lọ́jà o, eyín ọmọ ló ń ṣà kiri.

Bàbá ní irin tóun bá jó le ju èyí tí ilé iṣẹ́ ṣe lọ. Ó ní ẹrù ló pọ̀ jù lórí alùpùpù náà, pé láti ìgbà tí èmi ti ń jókòó sẹ́yìn rẹ̀ ni kò ti gbádùn mọ́. Àwọn oníbàárà tó ń dúró de iṣẹ́ wọn bú sẹ́rìn-ín.

"Bàbá, tó bá jẹ́ ti ìdí mi ni," mo ní, "ìdí ni irin yẹn ì bá ti sán, kì í ṣe ọrùn."

Ẹ̀rín yẹn yípadà sọ́dọ̀ ẹlòmíràn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìṣe Bàbá Ajórin kan fún yín. Bí irin tó jó bá ti tutù, á mú ìṣó líle kan àti òòlù, á lu ihò kékeré mẹ́ta sójú ibi tó jó, kí aráyé lè mọ ọwọ́ tó ṣe é. Àmì yẹn wà lára géètì wa. Ó wà lára bẹ́ẹ̀dì tí mo ń sùn lé. Lára géètì, kò burú, géètì kì í sáré sọ̀kalẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́.

Mo fi ọ̀bẹ ha ọ̀dà ọrùn férémù náà kúrò, ihò mẹ́ta Bàbá sì hàn síta. Mo fi àkísà ra kẹrosíìnì sí i, mo nù ún gbẹ, mo wá rún ṣọ́ọ̀kì tí mo fi ń fàlà sára aṣọ, mo bù ú lé e. Mẹkáníìkì ló kọ́ mi: ibi tí irin bá ti là, kẹrosíìnì tó ti sá wọ ibẹ̀ á yọ padà sójú ṣọ́ọ̀kì.

Bàbá bi mí bóyá àtíkè ni mò ń fún un.

A dúró. Ìlà dúdú tín-ín-rín kan yọ. Inú ihò àárín ló ti bẹ̀rẹ̀, ó nà sí ti ọ̀tún, ó nà sí ti òsì, ó sì rọra yí ọrùn irin náà ká bí ẹ̀gbà ọrùn.

"Bàbá," mo ní, "ẹ bá mi wo ibi tó ti bẹ̀rẹ̀."

Ó wò ó pẹ́. Ó tún fọwọ́ kàn án. Lẹ́yìn náà ó ní òun á tún un jó, pé lọ́tẹ̀ yìí òun á fi irin pẹlẹbẹ tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó pe ọkọ mi. "Ọmọ mi, gbé e wá síbi iná."

Ọkọ mi dìde. Kò gbé férémù. Òòlù tí Bàbá fi ń lu àmì ló mú.

"Ẹ má bínú, bàbá mi," ó ní.

Ó lù ú lẹ́ẹ̀kan, ṣọ́ọ̀kì fò. Ó lù ú lẹ́ẹ̀kejì. Ọrùn irin náà já, ó yí gbiri, ó lọ dúró lẹ́bàá bàtà Bàbá Ajórin, ihò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta là sí méjì.