Iyán Ọwọ́ Ìyá Ọkọ

Bí Iyìolúwa ṣe wọ ẹnu géètì ilé wọn ní Ìkẹ́rẹ́ lọ́sàn-án Sátidé yẹn, ìró ọmọ odó ló kọ́kọ́ kí i káàbọ̀. Ìyá ọkọ rẹ̀ ti tún ń gúnyán.

Ọsibítù ló ti ń bọ̀. Nọ́ọ̀sì Dorcas ti wọ̀n ọ́n, ó yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, ó sì mí kanlẹ̀.

"Àǹtí Iyì, ẹ tún ti sanra ju bó ṣe yẹ lọ, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ yín sì ń gòkè. Bí kò bá wálẹ̀, abẹ́rẹ́ ló kàn. Ọmọ lè tóbi jù nínú yín. Ṣé ẹ ṣì ń jẹ iyán?"

"Díẹ̀ ni."

"Díẹ̀ tàwa ará Èkìtì, àbí díẹ̀ tàwọn tó kù?"

Iyìolúwa rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín náà kò dénú.

Kì í ṣe pé kò mọ̀. Ó pẹ́ tí dókítà ti sọ fún un pé ó ní àìsàn ilé ẹyin tí wọ́n ń pè ní PCOS. Òun ló máa ń sé nǹkan oṣù rẹ̀, òun náà ni kì í jẹ́ kí ara rẹ̀ lè lo ṣúgà bó ṣe yẹ, tí oúnjẹ díẹ̀ fi ń sọ ọ́ di sísanra. Oyún yìí gan-an, ẹkún àti àdúrà ló fi rí i. Ẹ̀wà, ẹ̀fọ́, ẹja, kó máa rìn nírọ̀lẹ́: ó mọ gbogbo rẹ̀ bó ṣe mọ orúkọ ọkọ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n báwo ni yóò ṣe wojú Màmá kó ní òun kò jẹ? Nígbà tí oyún kò tíì dé, tí àwọn ẹbí ní kí Ọládélé ọkọ rẹ̀ lọ fẹ́ ẹlòmíràn, obìnrin yìí ló dìde láàárín wọn nílé rẹ̀ ní Ìṣẹ̀. Ó ní, "Ẹni tó bá máa mú ìyàwó mìíràn wọ ulé mi, kó kọ́kọ́ gbé òkú mi jáde." Nígbà tí oyún wá dé, ó tilẹ̀kùn ilé rẹ̀, ó di iṣu sápò, ó sì wá tọ́jú ìyàwó, nítorí pé Ìbàdàn ni Ọládélé ti ń ṣiṣẹ́.

Iyìolúwa ti fẹnu bà á lẹ́ẹ̀kan pé dókítà ń bá òun jà nítorí ṣúgà. Kíá ni Màmá kó búrẹ́dì àti mínírà kúrò nílé.

"Àwọn wọ̀nyí ló ní ṣúgà," ló wí. "Uṣu oko tí kò rí ṣúgà sójú rí, kí ló fẹ́ fi ṣeni?" Ó wá fi iyán àárọ̀ dípò búrẹ́dì.

Ọládélé, tó wálé lo òpin ọ̀sẹ̀, jáde wá gba báàgì lọ́wọ́ rẹ̀. Ojú ọkùnrin yìí, tó máa ń yọ́ ọ bí òrí nínú oòrùn, ló wò tí omi fi lé ròrò lójú tirẹ̀. Ó ròyìn ọ̀rọ̀ ọsibítù fún un.

"Fọkàn balẹ̀, ẹwà mi. Èmi ni màá bá Màmá sọ ọ́."

Ó sọ ọ́ lóòótọ́. Màmá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé iyán kalẹ̀, funfun, ó ń rú èéfín, ni Ọládélé ní, "Màmá, iyán yìí ni kò jẹ́ kí ṣúgà ara rẹ̀ lọ sílẹ̀. Dókítà ní ó lè ṣe ọmọ náà ní jàǹbá."

Màmá jókòó. "Èmi ni mo ń pa á lára látọjọ́ yìí?"

"Màmá, a ò sọ bẹ́ẹ̀."

"Mi ò kàwé, Ọládélé. Oyún tìrẹ, iyán ni mo fi gbé e. Mi ò mọ nǹkan míì tí mo lè ṣe fún un." Ó na ọwọ́ láti gbé abọ́ náà kúrò. Ọwọ́ náà ti pọ́n níbi tó ti ń di ọmọ odó mú. Omijé bọ́ sórí ìborùn rẹ̀, kò sì nù ún.

Iyìolúwa wo Ọládélé. Ọládélé wo ilẹ̀.

"Ẹ fi sílẹ̀, Màmá," ni Iyìolúwa wí. "Ebi ń pa mí."

Ó ṣan ọwọ́, ó bu òkèlè. Màmá ń wo ẹnu rẹ̀.

"Ó kúnná, àbí?"

"Ó kúnná, Màmá."

Ọmọ yí padà nínú rẹ̀. Ó bu òkèlè mìíràn.