Àwọn Lọ́rì Ọjọ́ Jímọ̀

"Ó tún ti jìn sí i." Abdulmumini fa ẹyọ ìgbálẹ̀ yọ níbi tí títì ti sán. Lánàá, ìgbálẹ̀ náà kò wọlé ju èékánná lọ. Lónìí, ó wọlé tó oríkèé ìka.

Òyìnbó tó ń ṣe títì dúró tì í, ojú rẹ̀ pọ́n kankan. Ibi kékeré kan lẹ́bàá ibùdó rélùwéè ló da ọ̀dà títì sí, kó fi dán an wò. Abdulmumini ló fi síbẹ̀ kó máa ju òkúta kan sígbá fún lọ́rì kọ̀ọ̀kan tó bá kọjá, kó sì máa wọn ojú sísán. Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta lọ́rì ló yẹ kó tẹ̀ ẹ́ kó tó sán. Òkúta inú igbá ò ju ọ̀ọ́dúnrún lọ.

Òyìnbó sọ̀rọ̀, Sàní ògbufọ̀ túmọ̀ rẹ̀. "Ó ní ẹni tó se ọ̀dà bu nǹkan mìíràn là á, ó jí ìyókù tà. Ẹ̀wọ̀n ló ń lọ lónìí."

Láwàl ló se ọ̀dà. Òun ni ọkọ Ràúdátù, àbúrò Abdulmumini. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbà mí!" ó kígbe bí ọlọ́pàá ti di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Mo fi Àlùkùránì búra, mi ò bu nǹkan kan là á!"

Abdulmumini wá rántí. Láàárọ̀ yìí ni awakọ̀ kan fi í ṣẹ̀fẹ̀: "Àwa tá a ń kó irin rélùwéè, ìrun Jímọ̀ la máa ń dúró dè. Títì á dá páropáro, ogún lọ́rì á tò kọjá!" Jímọ̀ mẹ́wàá gbáko ni Abdulmumini ti ń da igbá dé lọ kírun: igba lọ́rì nìyẹn tí kò ju òkúta fún. Ta ló rò pé ó máa kọjá nígbà tí gbogbo ìlú wà ní mọ́sáláṣí? Ẹni tó bá sì fi ìdí igbá sílẹ̀, òyìnbó ti ní ẹgba méjìlá ni, ní gbangba. Yéè! Àgbà bíi tirẹ̀, lójú àwọn ọmọ ọmọ rẹ̀!

Ó fẹ́ dákẹ́. Wọ́n ti ń wọ́ Láwàl lọ kó tó lè lanu.

"Sàní, sọ fún un pé mi ò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀. Sọ fún un pé lọ́rì kọjá tí mi ò kà."

Sàní ò túmọ̀. Ó sún mọ́ ọn. "Ṣé orí ẹ pé? Ó máa bi mí ìdí tí mo fi mọ̀ pé o ń fi igbá sílẹ̀ tí mi ò sì sọ. Ẹ̀gbẹ́ ara wa la máa ń kírun."

"Mo mọ̀."

"Ẹgba ni o!"

"Mo mọ̀, Sàní. Ẹ̀rù ń bà mí gan-an. Sọ ọ́ kí n tó yí ọkàn padà."

Sàní wúkọ́, ó kọjú sí òyìnbó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Abdulmumini ò gbọ́ èdè náà rárá. Ó kàn rí i pé Sàní na ìka sí òun, lẹ́yìn náà ó na ìka kan náà sí àyà ara rẹ̀.