Bàbá Ìyàwó Inú Eré

Bàbá Ọlágbénró kì í ti ilẹ̀kùn. Ní àdúgbò Igbudu, lọ́dún tí ìjà Warri tún gbérí, tí gbogbo èèyàn ń fi irin dábùú ilẹ̀kùn wọn kí oòrùn tó wọ̀, yàrá Bàbá nínú ilé wa nìkan ni ó ṣẹ́kù tí ọmọdé lè fi ìka kan tari kó sì ṣí. Màmá mi bá a sọ ọ́ títí.

"Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá Ọlágbénró, ẹ máa ti ilẹ̀kùn yín. Àwọn tó ń jà yìí kò mọ ẹni tó dàgbà."

Bàbá á ní òun ti gbọ́. Kò ní í tì í.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí yunifásítì nígbà náà. Mo ń ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ ajẹ́ǹtì kan tó ń bá àwọn oníṣòwò gba ẹrù ní pọ́ọ̀tù Warri, ṣùgbọ́n ìbọn tó ń dún lójú omi kò jẹ́ kí ọkọ̀ wọlé mọ́, àwa òṣìṣẹ́ kàn ń jókòó ni. Ara mi kò sì gba ìjókòó. Bí n kò bá rí nǹkan tú, bí kì í bá ṣe rédíò tó bàjẹ́ á jẹ́ àdììtú ọ̀rọ̀ inú ìwé ìròyìn, ńṣe ni inú á máa bí mi lásán. Bàbá mọ èyí. Ó máa ń tọ́jú ìwé ìròyìn àtijọ́ pa mọ́ fún mi. Màá jókòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, màá máa kọ lẹ́tà sínú àwọn àpótí kéékèèké yẹn, òun náà á máa sọ ìtàn àwọn gbajúmọ̀ tó ti bá pàdé.

Òṣèré ni Bàbá nígbà èwe rẹ̀. Ó wà nínú ẹgbẹ́ tíátà Ọ̀gá Adébọ̀wálé, àwọn tó máa ń fi lọ́rì gbé eré láti ìlú dé ìlú, láti Ìjẹ̀bú-Òde títí dé ọ̀dọ̀ àwọn Yorùbá tó wà ní Warri níbí.

"Ṣé o gbọ́ orúkọ Dáramọ́lá abẹ̀ṣẹ́ rí?" ni yóò fi bẹ̀rẹ̀. "O ò lè gbọ́ ọ, wọn ò tíì bí ọ. Ní ọdún yẹn, tí wọ́n bá fẹ́ ka ìròyìn lórí rédíò, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n á kọ́kọ́ pè. Ó wá wo eré wa ní Ìbàdàn. Lẹ́yìn eré, ó yà sí ẹ̀yìn aṣọ ìkélé orí ìtàgé, ó rí adé tí ọba inú eré ń dé, ó ní òun náà á dé e wò. Orí abẹ̀ṣẹ́! Adé wọlé, kò jáde mọ́. Gbogbo wa ń fà á. Adébímpé ló sáré lọ gbé òróró wá. Ó ń fi òróró pa á létí, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní, 'Ọ̀gá mi, bó bá dùn yín, ẹ má lù mí o.'"

Ó tún ní ìtàn Láídé, akọrin tí obìnrin ń dákú fún. Mọ́tò rẹ̀ bàjẹ́ lójú ọ̀nà Ọ̀rẹ̀, lọ́rì ẹgbẹ́ tíátà sì gbé e. Orí àpò aṣọ eré ló jókòó sí, ó ń kọrin títí wọ́n fi dé Benin. "Adébímpé ló ń gbè é. Láídé ní òun ń wá irú ohùn yẹn káàkiri Èkó, òun kò rí i."

Èyí tí Kingsley, ọ̀dọ́kùnrin tó ń gẹ irun níwájú ilé wa, kò fẹ́ gbà rárá ni ti gómìnà ológun kan tó sùn lọ lórí àga iwájú. Adébímpé tó ń ṣe ìyàwó tó ń sunkún relé ọkọ rìn kúrò lórí ìtàgé, ó lọ sun ẹkún náà sí etí gómìnà. Gómìnà ta jí, ó ní kí wọ́n mú ẹni tó kú náà wá.

"Baba too dey lie!" Kingsley pariwo láti ìta, abẹ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Which governor go sleep for theatre?"

"Go ask am," Bàbá dá a lóhùn. "E dey house now. Dem don retire am, e get time to sleep well."

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n àdììtú ni mo fẹ́ràn, mo sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìtàn kan ti èkejì lẹ́gbẹ̀ẹ́. Abẹ̀ṣẹ́ wá, ó lọ. Akọrin wá, ó lọ. Gómìnà wá, ó lọ. Èèyàn kan ṣoṣo ni kì í kúrò níbẹ̀. Ó gbé òróró, ó gbe orin, ó sunkún. Bí Bàbá bá ń sọ ti abẹ̀ṣẹ́, ó máa ń sọ ọ́ sí wa. Bó bá dé ibi òróró, ó máa ń wo ìta.

"Bàbá," ni mo sọ lọ́jọ́ kan, "ta ni Adébímpé?"

Ó na ìka sí ṣọ́ọ̀bù Kingsley. Àwòrán kan wà lára ògiri níbẹ̀, ti obìnrin àgbàlagbà kan tó so gèlè aláwọ̀ búlúù, tó ń wò ọ́ bí ẹni pé o jẹ ẹ́ ní gbèsè àlàyé kan. Kò sí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Òun ni ìyá ọkọ nínú ìdajì fíìmù Yorùbá tí wọ́n ń tà nígbà náà. Kingsley tí kò gbọ́ Yorùbá pàápàá máa ń ka ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ fíìmù kó lè mọ èébú tó bú ìyàwó ọmọ rẹ̀.

"Òun?" ni mo ní.

"Òun."

Lọ́jọ́ yẹn ló sọ èyí tó kù. Wọn kì í kọ eré sílẹ̀ láyé ìgbà náà. Ẹnu ni ọ̀gá fi ń kọ́ wọn, inú orí ni kálukú ń gbé tirẹ̀ sí. Bí obìnrin kan bá fẹ́ ará ìta tó bá ọkọ lọ, ó gbé apá kan gbogbo eré lọ nìyẹn. Nítorí náà, àwọn ọ̀gá tíátà fúnra wọn ló máa ń fẹ́ àwọn obìnrin inú ẹgbẹ́. Wọn kì í fi bò, ara iṣẹ́ ni.

Nínú eré ìgbéyàwó tí ìlú fẹ́ràn jù, Ọ̀gá Adébọ̀wálé ni ọkọ, Adébímpé ni ìyàwó. Irun funfun tí wọ́n fi òwú ṣe ni wọ́n lẹ̀ mọ́ Ọlágbénró lágbọ̀n, òun ni bàbá ìyàwó. Òun ló máa ń di ọwọ́ Adébímpé mú tí yóò fi lé ọ̀gá lọ́wọ́. Yóò ní, "Gba ọmọ mi, mo fún ọ." Ìyàwó á rìn lọ díẹ̀, á bojú wẹ̀yìn, á ní, "Bàbá, ẹ má ti ilẹ̀kùn o. Mo máa padà yà." Ibẹ̀ ni eré ń parí sí.

"A ti ń fẹ́ra wa tẹ́lẹ̀, èmi àti ẹ̀," Bàbá ní. "Ẹnikẹ́ni kò mọ̀. Nígbà tí mo gbọ́ pé ọ̀gá fẹ́ gbé e níyàwó, mo lọ bá a. Àwọn ará ẹgbẹ́ ń jẹun lọ́wọ́. Mo ní, 'Ọ̀gá, ẹ fi Adébímpé sílẹ̀ fún mi.' Ó wò mí. Ó ní, 'Ọlágbénró, ṣé kì í ṣe ìwọ lo fún mi ni? Ní Oǹdó o fún mi. Ní Àkúrẹ́ o fún mi. Gbogbo ìlú ló ṣe ẹlẹ́rìí. Àna wo ló ń gba ọmọ padà?' Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín."

"Kí lẹ sọ?"

"Èmi náà rẹ́rìn-ín. Òṣèré ni mí." Ó ká ìwé ìròyìn tó wà lórí ẹsẹ̀ rẹ̀. "Òun náà wà níbẹ̀, ó ń bu oúnjẹ. Ó ń retí ohun tí màá sọ. Nígbà tí a dé Warri, tí lọ́rì fẹ́ padà, n kò bá wọn gùn ún."

Kò fẹ́ obìnrin mìíràn. Mo wo ilẹ̀kùn tí mo fẹ̀yìn tì.

Kò pẹ́ sí ìgbà yẹn ni ìjọ wa, níbi tí wọ́n ti ń fi Yorùbá ṣe ìsìn, fẹ́ ṣe àjọ̀dún tí wọ́n kọ́ gbọ̀ngàn wọn. Àwọn ìgbìmọ̀ ní àwọn á pe Adébímpé. Màmá mi tó jẹ́ olórí àwọn obìnrin sọ fún wọn pé ẹnì kan wà nínú ilé wa tó bá a ṣeré rí. Wọ́n fi í rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n pe Adébímpé lórí fóònù, màmá mi dárúkọ Bàbá fún un.

"Ọlágbénró tó máa ń ṣe bàbá ìyàwó?" ló bi wọ́n. "Ó wà láyé?" Ó ní òun á wá. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kí àwọn ṣe ìparí eré ìgbéyàwó náà, kí wọ́n wá ẹni tí yóò ṣe ọkọ, torí Ọ̀gá Adébọ̀wálé ti kú tipẹ́.

Èmi ni wọ́n ní kó ṣe ọkọ. Bàbá kọ́ mi nínú yàrá rẹ̀, pẹ̀lú ẹnu, bí wọ́n ṣe kọ́ òun náà. Òun ló ń ṣe ìyàwó, òun ló ń ṣe bàbá ìyàwó. Ohùn rẹ̀ á tínrín bó bá di Adébímpé. Ó gẹ irungbọ̀n lọ́dọ̀ Kingsley, ó tún ní kó dá a sí díẹ̀ lágbọ̀n.

"Baba dey go see wife," Kingsley ní.

"Na my pikin," Bàbá dáhùn. "I be her papa."

Ó kù díẹ̀ kí ọjọ́ pé, ìjà tún bẹ́ lójú omi. Àwọn sójà kún ìkóríta, wọ́n fa òfin kónílégbélé wá sí ìrọ̀lẹ́. Àwọn ìgbìmọ̀ ní Adébímpé kò lè wá mọ́. Bàbá ń lọ aṣọ rẹ̀ ní tirẹ̀.

Adébímpé wá. Mọ́tò kan gbé e wọlé láti Benin lọ́sàn-án, awakọ̀ rẹ̀ kò tiẹ̀ pa ẹ́ńjìnnì, ó ní ìṣẹ́jú díẹ̀ làwọn ní, torí òun kò ní í jẹ́ kí òfin bá òun lójú títì. Gbọ̀ngàn kò kún. Ó sọ̀kalẹ̀, ó kéré sí bó ṣe ń rí nínú fíìmù. Ó kúnlẹ̀ fún Bàbá.

"Ẹ̀gbọ́n," ló ní.

"Adébímpé," ni Bàbá ní. Ohun tí wọ́n sọ fún ara wọn lẹ́yìn ọjọ́ gbogbo yẹn nìyẹn, kí wọ́n tó pè wá sórí ìtàgé.

Mo dúró sí ipò ọkọ. Bàbá di ọwọ́ Adébímpé mú wá, díẹ̀díẹ̀, bó ṣe kọ́ mi. Mo na ọwọ́ mi. Ó yẹ kó sọ pé, "Gba ọmọ mi, mo fún ọ." Kò sọ ọ́. Ọwọ́ Adébímpé wà nínú tirẹ̀, ó sì ń wo ọwọ́ náà. Ẹnì kan wúkọ́. Ẹnì kan ní ẹ̀yìn ní, "Baba don forget!"

Adébímpé rò pé ó gbàgbé ni. Bí wọ́n ṣe máa ń ran ara wọn létí láyé wọn ló ṣe, ó sọ ọ́ di ìbéèrè sínú eré. "Bàbá mi, ta lẹ fẹ́ fún lọ́mọ?"

"N kò fún ẹnikẹ́ni," ni Bàbá ní. Ó kọjú sí mi, àfi bí ẹni pé èmi kọ́ ló ń wò. "Ọ̀gá, ẹ fi í sílẹ̀. Èmi ni mo fẹ́ ẹ. N kò fún ẹnikẹ́ni."

Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́, wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n rò pé àwàdà tuntun ni. Ọwọ́ mi ṣì wà ní nínà, n kò mọ ibi tí màá gbé e sí. Mo wo ojú Adébímpé, ojú tó ti bú gbogbo ìyàwó inú fíìmù. Ó sọ̀rọ̀ ní ohùn tí àwọn tó wà níwájú nìkan lè gbọ́.

"Ẹ pẹ́ jù, Ẹ̀gbọ́n."

Kò pè é ní Bàbá.

Awakọ̀ ti ń fọn fèrè. Alága ìgbìmọ̀ gun orí ìtàgé, ó ń dúpẹ́, ó ń bẹ gbogbo èèyàn kí wọ́n máa lọ sílé kí ilẹ̀ tó ṣú. Àwọn tó fẹ́ ya fọ́tò yí Adébímpé ká. Wọ́n ń sún un lọ sí ìdí mọ́tò, ó sì ń bojú wẹ̀yìn láàrin orí àwọn èèyàn, ẹnu rẹ̀ ṣí lẹ́ẹ̀kan, ariwo kò jẹ́ ká gbọ́. Mọ́tò gbéra.

Nígbà tí a padà dé Igbudu, gbogbo àdúgbò ti ń dábùú ilẹ̀kùn. Màmá mi ní, "Ọpẹ́mipọ̀, lọ bá mi sọ fún Bàbá kó ti ilẹ̀kùn rẹ̀ lónìí, mo bẹ̀ ẹ́. Àwọn sójà ti ń bọ̀."

Mo lọ. Ilẹ̀kùn wà ní ṣíṣí gbayawu, kò tiẹ̀ pa á dé bó ṣe máa ń pa á dé tẹ́lẹ̀. Bàbá wọ aṣọ tó lọ̀ yẹn síbẹ̀, ó gbé àga kọjú sí títì.

"Bàbá, Màmá ní kí ẹ tì í."

"Eré ò tíì parí," ló ní. "Ìwọ náà mọ̀ ọ́n, mo kọ́ ẹ. Èmi ti sọ tèmi. Òun ò tíì sọ tiẹ̀, pé òun máa padà yà."

Mo gbọ́ ọkọ̀ àwọn sójà ní ìkóríta. Mo fa ilẹ̀kùn mọ́ra díẹ̀, kí wọ́n má baà rí iná láti ìta. N kò tì í. Mo wọlé, mo jókòó ti Bàbá.