Bàbá Àrówólò Bá Mi Dáhùn

Inú ṣì ń bí mi. Ẹ má sọ fún mi pé àgbà ni wọ́n, pé ire mi ni wọ́n ń wá. Bàbá Àrówólò, ẹ̀gbọ́n bàbá mi, ni mò ń sọ. Ilé wọn ní Ashaiman, nítòsí Accra ní Ghana, ni èmi Sherifa àti ìyá mi ń gbé láti ìgbà tí bàbá mi ti kú.

Ìṣirò ni mo kà ní yunifásítì. Lọ́jíìkì inú rẹ̀ ni mo fẹ́ ṣe ìwádìí lé lórí títí màá fi gba oyè ọ̀mọ̀wé. Ẹ̀ka tí mo yàn máa ń kó àwọn òfin kan jọ, á wá béèrè irú ayé tí gbogbo wọn ti lè jẹ́ òtítọ́ pọ̀. Ẹni tó lè kọ́ mi níbẹ̀ kò pọ̀ ní Accra. Nígbà tí ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní Jámánì sọ pé ààyè ẹyọ kan ṣí sílẹ̀ lọ́dọ̀ òun fún ọdún mẹ́rin, pé òun fẹ́ bá mi sọ̀rọ̀ lórí fídíò, n kò lè jẹun.

Pálọ̀ ni íńtánẹ́ẹ̀tì ti máa ń já geere, ibẹ̀ ni mo jókòó sí. Ọ̀jọ̀gbọ́n béèrè pé: bí àwọn òfin kan kò bá lópin, tí ìwọ̀nba yòówù tí a bá ṣà nínú wọn sì bára mu, ṣé gbogbo wọn lápapọ̀ á bára mu? Ìdáhùn wà lẹ́nu mi! Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ lanu ni Bàbá gbọ́ ohùn ọkùnrin, wọ́n wọlé, wọ́n fa àga síwájú mi.

Wọ́n fi gẹ̀ẹ́sì bi í pé, "Mista, ta ni àwọn òbí yín? Ìyàwó mélòó lẹ ní? Àwa Alata, àwa Yorùbá ilẹ̀ Ghana, kì í fa ọmọbìnrin lé ẹni tí a ò mọ ilé rẹ̀ lọ́wọ́."

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, olùkọ́ ni," mo ní.

"Dákẹ́! Tí wọ́n bá ń tọrọ ọmọ, ṣé ọmọ ló ń fèsì? Wallahi, o ò gbọ́n paa!"

Ọ̀jọ̀gbọ́n wojú mi, ó wojú wọn, ó ní kí a parí ọ̀rọ̀ ẹbí ná, ó sì pa fídíò náà. Mo kọ̀wé, mo ṣàlàyé, mo bẹ̀bẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n ti fún ẹlòmíràn ní ààyè náà. Bàbá ní kí n má sunkún, ọkọ ò tán láyé. Ọkọ! Ta ló rán wọn ní ọkọ? Àwọn aládùúgbò ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Orí mi tí kò wọ́ rárá ni wọ́n wá fọwọ́ ara wọn wọ́!

Lẹ́yìn oṣù kan wọ́n mú Fatawu wá, ọmọ ọ̀rẹ́ wọn. Ó ń ta aṣọ bẹ́ẹ̀lì, àwọn àlòkù láti òkè òkun, ní ọjà Kantamanto. Wọ́n ní ẹni tí a mọ ilé rẹ̀ rèé. Ọkùnrin náà kò ṣẹ̀ mí. Ó kí mi dáadáa, ó béèrè iṣẹ́ tí mò ń ṣe. Mo kúnlẹ̀, mo yíjú sí Bàbá. Ó béèrè bóyá mo fẹ́ràn òun. Mo tún yíjú sí Bàbá.

"Sherifa, ẹnu ẹ dà?"

"Ẹ dá a lóhùn, Bàbá. Ṣebí ọmọ kì í fèsì."

Fatawu wolẹ̀, ó mú fìlà rẹ̀, ó ní òun ń lọ. Ìyá mi, tí kì í gbójú sókè wo ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀, bú sẹ́rìn-ín.

"O dójú tì mí lójú àlejò mi!" Bàbá dìde lórí àga.

"Àlejò tèmi ńkọ́, Bàbá?"