Ìbéèrè Kẹtàlélógójì

Bí Tíṣà Ògúndìran bá ti jókòó sórí àga wọn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ló lù yẹn, kò sẹ́ni tó tún ń yẹ fóònù wò. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mọ́kànlá á ti jókòó sórí bẹ́ǹṣì, oníkálùkù pẹ̀lú ìwé ìbéèrè tirẹ̀. Irfan tí ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ dára jù á sì ti dúró níwájú pátákó pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì, nítorí Tíṣà kì í kọ nǹkan sí pátákó mọ́. Wọ́n ní ọdún márùndínlógójì táwọn fi fa ṣọ́ọ̀kì símú nílé ìwé ìjọba ti tó gẹ́ẹ́. Nọ́ńbà ìbéèrè ni wọ́n máa ń pè, gbogbo kíláàsì á pariwo ìdáhùn lẹ́ẹ̀kan náà, Tíṣà á wá sọ èyí tó tọ̀nà láti inú orí wọn, láìwo ìwé. Àádọ́rùn-ún ìbéèrè! Àwọn òbí tó bá ń kọjá lọ sọ́jà á dúró, wọ́n á mirí, wọ́n á ní kò sí irú bàbá yìí mọ́ ní gbogbo Èjìgbò. Òótọ́ ni wọ́n sì sọ.

Nínú àwọn mọ́kànlá yìí, Sọ̀fíyátù ni Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ mẹ́hẹ jù. Kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀. Àbíjáǹ ni wọ́n bí i sí, Faransé ló sì fi kàwé títí tó fi di ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, kí bàbá rẹ̀, Àdìsá, tó fi í ránṣẹ́ sọ́dọ̀ ìyá àgbà nílé, nítorí ọmọ náà ní iṣẹ́ nọ́ọ̀sì lòun fẹ́ kọ́, yunifásítì Nàìjíríà lòun sì fẹ́ lọ. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ti ṣe ìdánwò àbáwọlé. Ẹ̀ẹ̀mejì ni Gẹ̀ẹ́sì ti dá a padà lẹ́nu ọ̀nà. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta ti di Sátidé tó ń bọ̀, bàbá rẹ̀ sì ti sọ ọ́ lórí fóònù, pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́: "Sọ̀fí, tí eléyìí náà ò bá bọ́ sí i, máa padà bọ̀. Ṣọ́ọ̀bù wa níbí ń dúró dè ẹ́. Ó tó gẹ́ẹ́. Ça suffit." Ọ̀rọ̀ tí Àdìsá bá ti fi Faransé parí, kò ní àtúnsọ mọ́.

Sọ̀fíyátù kò kórìíra ṣọ́ọ̀bù. Ó mọ ọjà tà, ó tún mọ oníbàárà pọ́n lé. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ló wà lọ́kàn rẹ̀, bó bá sì ti rántí pé ọjọ́ kan péré ló lè gbà á lọ́wọ́ òun, á tún ṣí ìwé ìbéèrè rẹ̀.

Ibì kan ṣoṣo nínú Gẹ̀ẹ́sì ló yé e kedere, Tíṣà ló sì là á yé e. Irú ìbéèrè kan wà tí wọ́n fi ń gbé gbólóhùn tí kò gún síwájú èèyàn, kó mú èyí tó tún un ṣe láàárín A sí D. Ọjọ́ àkọ́kọ́, Tíṣà fi ẹnu pe ọ̀kan: "My uncle likes farming, trading and to travel." Sọ̀fíyátù kò rí ohun tó burú níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n bàbá ẹni kúkú lè fẹ́ràn ohun tó bá wù ú.

Tíṣà ní, "Ìsúndùnrìn ni ìyá rẹ àgbà ti wá, àbí? Ṣé o ti rí i bí wọ́n ṣe ń kọ ebè?"

"Mo ti rí i, sà."

"Tí àgbẹ̀ bá kọ ebè kan, tó kọ ìkejì, kí ló máa ń kàn?"

"Ebè náà ni, sà."

"Kì í gbẹ́ kòtò?"

Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Tíṣà náà rẹ́rìn-ín. "Òun nìyẹn. 'Farming', ebè. 'Trading', ebè. 'To travel', kòtò. Sọ kòtò yẹn di ebè fún mi."

Láti ọjọ́ náà, Sọ̀fíyátù kò ka irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ bí Gẹ̀ẹ́sì mọ́. Oko ló ń rí. Bó bá ti fojú sáré gba ọ̀wọ́ ọ̀rọ̀ náà kọjá, ibi tí kòtò wà á hàn sí i, nígbà mìíràn kí Irfan alára tó rí i.

Àfi bó ṣe di oṣù tó kọjá, tí gbogbo rẹ̀ dojú rú. Ìwé ìbéèrè àtijọ́ ti gbó, ó ti ń já níbi tí wọ́n ń ká a sí, Tíṣà wá ní kí wọ́n gbé e lọ fún ọmọbìnrin kan tó ń fi kọ̀ǹpútà tẹ̀wé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà, kó tún un tẹ̀. Tuntun náà dé, ó mọ́, ó ń dán. Ìgbà yẹn ni Sọ̀fíyátù bẹ̀rẹ̀ sí í kùnà. Ìbéèrè kẹtàlélógójì: "The nurse was told to wash her hands, to wear her gloves and writing the report." Ó ti wo oko náà nílé, ó rí kòtò, ó sì mú D. Nígbà tó dé kíláàsì, Tíṣà ní B ni. Ìkọkànléláàádọ́ta, ó mú A; Tíṣà ní C ni. Nígbà tí yóò fi di Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ọ̀sẹ̀ ìdánwò, mẹ́sàn-án irú rẹ̀ ló ti fagi lé. Ẹ̀rù bà á gidigidi. Ó ní Faransé tún ti tan òun jẹ, pé ohun kan ṣoṣo tóun rò pé òun mọ̀, òun kò mọ̀ ọ́n.

Ó fa Irfan sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan nígbà tí wọ́n ń lọ sílé. Irfan wẹ̀yìn kó tó fèsì. "Ìkẹtàlélógójì? Èmi náà mú D."

"B lo sì ń pariwo!"

"Ṣé kí n wá pariwo D, kí n dójú ti bàbá? Tíṣà yìí ló kọ́ bàbá tó bí mi. Àbí ohun kan wà táwọn ń rí táwa ò tíì rí. Ìwọ ṣáà máa pariwo B. Tá a bá dé ibi ìdánwò ní Òṣogbo, kóníkálùkù mú èyí tó bá wù ú."

Ó rọrùn fún Irfan láti sọ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì látinú oyún lè mú èyí tó bá wù ú. Sọ̀fíyátù kò ní ibòmíràn tó lè fẹ̀yìn tì ju ẹnu Tíṣà lọ.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, bí òun àti ìyá rẹ̀ àgbà, Ràshídátù, ṣe ń bó pákí, ó sọ gbogbo rẹ̀. Ìyá àgbà kò mọ A yàtọ̀ sí D, ṣùgbọ́n wọ́n mọ àgbà.

"A kì í wí fún àgbàlagbà pé ó ṣì í," ni wọ́n wí. "Bíbi là ń bi í. Kúnlẹ̀, kó o ní, 'Ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lọ́yẹ̀.' Tó bá jẹ́ ìwọ lo ṣì í, wọ́n á là ọ́ lọ́yẹ̀. Tó bá jẹ́ àwọn ni, wọ́n á ti gbọ́."

"Tí wọ́n bá bínú ńkọ́, mà?"

"Wọ́n á bínú tán. Ṣé ìbínú wọn ló ń gbé ẹ padà sí Àbíjáǹ ni?"

Ọjọ́bọ̀ ni ẹ̀kọ́ ìkẹyìn. Tíṣà ń pe nọ́ńbà, kíláàsì ń pariwo. Nígbà tó kan ìkẹtàlélógójì, B dún bí ẹni pé ilé fẹ́ ya. Sọ̀fíyátù dìde, ó rìn lọ síwájú, ó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ là mí lọ́yẹ̀."

"Ta nìyẹn? Sọ̀fíyátù? Kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Ìkẹtàlélógójì ni, sà. Níbi tí mo wò ó dé, D ni mo rí."

Ẹnì kan pòṣé lẹ́yìn. Tíṣà kò bínú, wọ́n tilẹ̀ rẹ́rìn-ín músẹ́. "B ni, ọmọ mi. Ka B yẹn sókè ká gbọ́."

Ó kà á, pẹ̀lú ahọ́n Àbíjáǹ rẹ̀: "And she wrote the report."

"Tún un kà."

Ó tún un kà. Ẹ̀rín náà kúrò lójú Tíṣà. "Ka D."

"And to write the report."

"B nìyẹn," ni Tíṣà wí, ohùn wọn ti lọ sílẹ̀. "Ọwọ́ mi ni mo fi kọ ọ́ sí B."

Irfan ló wá lanu nídìí pátákó. "Ọmọ tó tẹ̀ ẹ́ ló tò ó ní ìtòkutò, sà. Àwọn ìdáhùn ò sí níbi tí wọ́n wà tẹ́lẹ̀ mọ́."

"Ṣé wọ́n pọ̀?"

"Wọ́n pọ̀, sà."

Tíṣà mí kanlẹ̀. "Mi ò ní bínú sí ẹnikẹ́ni. Kí gbogbo ẹni tó bá ti ṣàkíyèsí kí ó tó di òní nawọ́ sókè."

Ojú ń ti oníkálùkù. Fàtáì tó wà nípẹ̀kun bẹ́ǹṣì ló kọ́kọ́ nawọ́, Kàdíjà tẹ̀ lé e, wọ́n sì ń nà án lọ títí tó fi kan Irfan pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́. Sọ̀fíyátù náà nawọ́ lórí ìkúnlẹ̀. Mọ́kànlá pé. Tíṣà kọjú sí wọn, wọ́n ń yí orí díẹ̀díẹ̀ láti ìpẹ̀kun bẹ́ǹṣì kan dé èkejì, wọ́n sì dúró.

"Kò sẹ́nì kankan?" ni wọ́n wí. "Ó dáa náà. Ọpẹ́lọpẹ́ Sọ̀fíyátù."

Kò sẹ́ni tó sọ ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀. Sọ̀fíyátù ń wo ojú Tíṣà láti ìsàlẹ̀. Àánú wọn ṣe é débi pé omi lé sí i lójú. Ó mọ̀ pé bí òun bá dákẹ́, gbogbo wọn á dákẹ́, wọ́n á sọ ọwọ́ kalẹ̀ jẹ́jẹ́, á sì parí síbẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é bọ̀ náà nìyẹn.

"Bàbá," ló wí, kò tilẹ̀ rántí pe sà. "Gbogbo wa la nawọ́."

Tíṣà sún síwájú lórí àga wọn.

"Gbogbo yín?"

"Gbogbo wa, bàbá. Ọwọ́ ṣì wà lókè."

Tíṣà fọwọ́ nu ojú wọn. "Mo ní bí àwọn òbí yín bá mọ̀ pé ojú mi ò ríran mọ́, wọn ò ní rán yín sí mi mọ́," ni wọ́n wí. "Ẹ sọ ọwọ́ kalẹ̀. Èmi ń fi tèmi pamọ́ fún yín, ẹ̀yin náà ń fi tiyín pamọ́ fún mi. Ta ló wá fẹ́ lọ ṣèdánwò ní Sátidé?"

Wọ́n ní kí Irfan gbé àga kan wá, kó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn, kí Sọ̀fíyátù jókòó sórí rẹ̀, kó ka ìbéèrè láti ìkínní, pẹ̀lú gbogbo ìdáhùn, A títí dé D. Kò sẹ́ni tó fi ahọ́n rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ lọ́jọ́ náà. Bó bá ka ìdáhùn mẹ́rin tán, Tíṣà á sọ èyí tó tọ̀nà, tìdítìdí, kì í ṣe lẹ́tà. Nígbà tó dé ìkọkànléláàádọ́ta, ó kà á tán, ó gbójú sókè, ó ń dúró.

"Ẹnu mi lò ń wò," ni Tíṣà wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Má wò ó mọ́. Ìwọ ni kó o sọ ọ́."

Sọ̀fíyátù tún fojú gba orí gbólóhùn náà. "A ni, sà," ló wí, kò sì dúró kí wọ́n bi í ní ìdí rẹ̀ kó tó máa sọ ọ́.